Ogún Ọmọdé, Ogún Ọdún: Bí A Ṣe Lè Sọ Ìtàn Èkìtìparapọ̀ Di Eré Nínú Kíláàsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bí a bá gbọ́ òwe yìí, ohun tó máa ń sọ sí wa lọ́kàn ni àwọn ọmọ tó ń ṣeré òṣùpá ní àgbàlá: bí wọ́n bá dàgbà tán, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òwe náà yẹ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá wò, a ó rí i pé ó bá ìlú àti orílẹ̀-èdè wí gẹ́gẹ́ bí ó ti bá ọmọdé wí. Àwọn ìlú tó para pọ̀ lónìí lè tú ká lọ́la. Kí ni ó ń mú ìparapọ̀ dúró? Kí ni ó ń tú u ká? Ta ni ó sì ń san gbèsè rẹ̀ nígbà tí ó bá tú?

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ṣòro láti fi ìwé nìkan kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Akẹ́kọ̀ọ́ lè há ọjọ́ àti orúkọ sórí, kí ó gba máàkì tó pọ̀ nínú ìdánwò, kí ó má sì mọ ìdí tí ìlú kan fi lè kọ̀ láti fi àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sábẹ́ balógun ìlú mìíràn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ dábàá fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka àròkọ yìí, pé kí a sọ ìtàn ìparapọ̀ kan di eré. Ìtàn tí mo yàn ni ti Èkìtìparapọ̀. Ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́, ni mo sì fẹ́ kí a ti dúró wò ó, nítorí pé láti ibẹ̀ ni a ti ń rí apá kan ìtàn náà tí àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ogun máa ń fò kọjá.

Ìgbìmọ̀ tí kò fọhùn

Olùkọ́ tó wà ní Òmù-Àrán kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ní Ẹ̀sìẹ́, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn kan náà, àwọn ère òkúta tí iye wọn ju ẹgbẹ̀rin lọ wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí. Àwọn kan mú ohun ìjà lọ́wọ́. A sì gbẹ́ irun orí àwọn mìíràn lọ́nà tó fi hàn pé ènìyàn pàtàkì ni wọ́n. Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., mú ìròyìn wọn dé etí àwọn ará ìta. Ní 1945 ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti mọ àwọn ère náà, wọ́n sì ti ń bọ wọ́n, tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àlejò tó wá sí ìlú ni wọ́n, tí wọ́n sì di òkúta.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dúró níwájú wọn, yóò dà bí ẹni pé ìgbìmọ̀ ńlá kan ló jókòó. Kí olùkọ́ bi wọ́n léèrè pé: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn wọ̀nyí bá jẹ́ aṣojú ìlú ọ̀tọ̀, kí ni kálukú wọn ń rò lọ́kàn? Kí ni ó ń bẹ̀rù tí kò lè sọ síta? Òkúta kò lè dáhùn. Ìwé ìtàn pàápàá sábà máa ń sọ pé àwọn ìlú báyìí báyìí “para pọ̀”, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Eré ni yóò mú kí ìgbìmọ̀ náà fọhùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ìtàn náà ní ṣókí. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo. Ìṣẹ́gun yẹn dá ogun Ìlọrin dúró kí ó má bàa wọ gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, ó sì sọ Ìbàdàn di ìlú tí gbogbo ayé ń wò lójú. Láàárín ogójì ọdún tó tẹ̀lé e, agbára Ìbàdàn dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti apá kan Ìgbómìnà. Ó fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú wọ̀nyí láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, ìwà ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajẹ́lẹ̀ náà sì sú àwọn onílùú.

Ní 1877, Ààrẹ Látòóṣà, olórí Ìbàdàn, bá Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú wọ ìjà nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò tó lọ sí etíkun. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí ajẹ́lẹ̀ tó wà ní ìlú rẹ̀, ó sì pa á. Bí iná inú ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ràn. Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá Ọ̀ràngún di ọwọ́ ara wọn mú, Ìlọrin tí ó ti ń bá Ìbàdàn ṣọ̀tá láti ìgbà ogun Òṣogbo sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Báyìí ni Èkìtìparapọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ náà kò rọgbọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, nítòsí Ìkirun, Ìbàdàn ṣẹ́ ogun Ìjẹ̀ṣà, ogun Èkìtì àti Ìlá tí Fábùnmi àti Adéyalé ọmọ ọba Ìlá kó lẹ́yìn, àti ogun Ìlọrin. Wọn kò pàgọ́ sójú kan, wọn kò sì ní balógun kan ṣoṣo. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ já sínú odò Ọ̀tìn, ìyẹn ni a fi ń pe ogun náà ní ogun Jálumi.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún ara wọn tò, tí Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì di balógun gbogbo wọn. Ọkùnrin yìí ti bọ́ sí ìgbèkùn Ìbàdàn rí, ó sì ti kọ́ ọgbọ́n ogun níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí wọn láti ọ̀nà Òndó, èyí tí Gómìnà Glover ti là ní 1872. Ìró ìbọn tó ń dún lórí àwọn òkè ibẹ̀ ni ó fún ogun náà lórúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí, Kírìjì. Ní 1885, Látòóṣà kú sójú ogun. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ti ṣe àárẹ̀ lọ ṣe àárẹ̀ bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ońṣẹ́ gómìnà Èkó, a kéde àlàáfíà. Ìbàdàn gbà pé àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ ti di òmìnira. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun kò tú ká tán títí di 1893.

Àwọn eré tó ti wà

Kò sí ẹni tó máa ṣe eré tuntun tí kò ní wo èyí tó ti wà. Tiwa ni ayò. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, ènìyàn méjì. Ayò ń kọ́ni ní ìṣirò àti sùúrù, ó sì ń kọ́ni láti máa ronú sí ohun tí ẹnìkejì yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀ta kan àti òpè kan ni ó máa ń fi sílẹ̀ níkẹyìn. Kò sí ìparapọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn ọmọ ogun Prussia ti ń fi eré orí àwòrán ilẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀gágun wọn láti 1824. Ní Amẹ́ríkà, Allan Calhamer gbé eré kan jáde ní 1959 tí ó pè ní Diplomacy. Ìjọba méje ilẹ̀ Yúróòpù ló wà nínú rẹ̀. Àwọn òṣèré á kọ́kọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, wọn á ṣe ìlérí, lẹ́yìn náà ni kálukú á kọ àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé, tí a ó sì ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó mú ìlérí ṣẹ àti ọ̀dàlẹ̀. Ohun ọgbọ́n ni èyí, mo sì yá a lò. Ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo ni eré náà fẹ́ kí ó gbẹ̀yìn gba gbogbo rẹ̀, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan kí ìparapọ̀ inú rẹ̀ tú. Ohun tí a ń wá ni eré tí ìparapọ̀ ti lè dúró bí àwọn òṣèré bá gbọ́n tó, tí ó sì ti lè wó bí wọn kò bá gbọ́n.

Bí eré náà yóò ṣe rí

Kí a pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ méje: Iléṣà, àwọn ìlú Èkìtì, Ìlá, Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́, Ìlọrin, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, àti Ìbàdàn. Ọmọ ayò ni a ó fi ṣe agbára: ó dúró fún jagunjagun, oúnjẹ àti ìbọn. Iye tí a ó fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ní dọ́gba, nítorí pé nínú ayé, ìlú kò dọ́gba. A ó gbé igbá kan sáàárín, igbá ìparapọ̀. Ìpàdé mẹ́fà ni wọn yóò ṣe. Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, wọn yóò jíròrò, lẹ́yìn náà kálukú á kọ iye ọmọ ayò tí yóò fi sínú igbá, a ó sì ṣí gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ẹgbẹ́ kan kò bá fi sínú igbá ń ṣọ́ ilé rẹ̀.

Òfin kìíní wá láti Jálumi. Títí di ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá fẹnu kò lórí balógun kan, a kò ní pa ọmọ ayò wọn pọ̀ kà. Ìbàdàn yóò máa kojú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò sì máa borí. Ọjọ́ tí wọ́n bá yan balógun ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka igbá náà ní odidi. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí balógun ti wá ni yóò máa pinnu ibi tí agbára gbogbo wọn máa lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí i fúnra rẹ̀ pé kò sí agbára àpapọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan jọ̀wọ́ díẹ̀ nínú agbára tirẹ̀, àti pé ìjọ̀wọ́ yìí ń dunni.

Òfin kejì jẹ́ ti Èkó. Ọmọ ayò díẹ̀ ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó mẹ́ta nínú igbá, nítorí pé ìbọn ìgbàlódé ni, bí ọ̀nà Òndó bá ṣì ṣí sílẹ̀. Àwọn tó jìnnà sílé lè gbe ìlú lọ́nà tí àwọn tó wà nílé kò lè gbà gbè é. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí mọ ohun tí mo ń sọ.

Òfin kẹta jẹ́ ti olùkọ́. Kí ó má ṣe sọ Ìbàdàn di èṣù. Nínú ìwé àṣírí tí a ó fún ẹgbẹ́ Ìbàdàn, kí a kọ ọ́ pé àwọn ni wọ́n dáàbò bo gúúsù ní Òṣogbo, pé àwọn ọmọ ogun wọn ti kú fún ilẹ̀ yìí, pé wọ́n sì rò pé ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Ọmọ Ìbàdàn lè wà ní kíláàsì, ọmọ Ìlọrin náà lè wà níbẹ̀. Bákan náà, a kò gbọdọ̀ fi ẹrú ṣe ọmọ ayò. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a kó lẹ́rú nínú ogun wọ̀nyẹn, ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ ọ́ láìfi bò. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọdé kan fi ènìyàn ṣe èrè nínú eré.

Ìwé tó ṣòro jù láti kọ

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba ìwé àṣírí kan tó sọ ohun tó ń fẹ́ àti ohun tó ń bẹ̀rù. Ti Iléṣà rọrùn láti kọ: òmìnira. Ti àwọn ìlú Èkìtì náà rọrùn. Ti Ìlá kò fi bẹ́ẹ̀ le: kí a bọ́ lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Ti Ìlọrin yàtọ̀: kí agbára Ìbàdàn fọ́, kí agbára Ìlọrin lórí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ má sì yẹ̀.

Ìwé Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ ni ó dá mi dúró. Ìgbómìnà ni wọ́n, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú Ìlá. Ṣùgbọ́n apá àríwá ilẹ̀ Ìgbómìnà ni wọ́n wà, ìjọba Ìlọrin ni ó sì ń nawọ́ ajẹ́lẹ̀ sí apá ibẹ̀. Ìlọrin yìí kan náà ni ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́. Kí ni ìlú bẹ́ẹ̀ yóò ṣe? Bí ó bá fi gbogbo ọmọ ayò rẹ̀ sínú igbá, ó ń ran ọ̀gá ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá fà sẹ́yìn, ó ń já àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ní Ìlá àti Èkìtì sílẹ̀. Bí ó bá sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ jáde nínú ìgbìmọ̀, Ìlọrin lè bínú jáde, kí ìparapọ̀ sì pàdánù ẹgbẹ́ tó ní agbára púpọ̀.

Ìṣòro gidi tó wà nínú gbogbo ìparapọ̀ nìyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀kan eré náà wà. Ọ̀tá kan náà kì í sọ ènìyàn di ọ̀rẹ́. Àwọn tó para pọ̀ lè ní ọ̀tá kan náà, síbẹ̀ kí ọ̀kan nínú wọn máa tẹ èkejì mọ́lẹ̀.

Kíkà ẹ̀ẹ̀mejì

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kọ òfin eré yìí, mo ní ẹgbẹ́ tí ọmọ ayò rẹ̀ bá pọ̀ jù lẹ́yìn ìpàdé kẹfà ni yóò borí. Mo rí i lójú ẹsẹ̀ pé àṣìṣe ni: kálukú yóò fi ọmọ ayò rẹ̀ pamọ́ sílé, igbá á sì ṣófo. Mo wá yí i padà, mo ní bí Ìbàdàn bá ti pàdánù, gbogbo ẹgbẹ́ yòókù ti borí. Èyí náà kò dára. Ó sọ ìjíròrò di ohun ṣeréṣeré, kò sì jọ ayé.

Ohun tí mo rí níkẹyìn ni pé kí a kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́ ni 1886: ṣé Ìbàdàn gbà pé àwọn ìlú ti di òmìnira? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ìgbà kejì ni 1900. Olùkọ́ yóò wo àwọn àdéhùn tí ìgbìmọ̀ kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà pọ̀, yóò sì bi ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ta ni ó ń ṣàkóso rẹ báyìí, àdéhùn wo ni ó sì lè gbà ọ́? Ẹgbẹ́ tí kò bá ní àdéhùn kankan, èyíkéyìí tó bá lágbára jù ní àgbègbè rẹ̀ ni yóò mú un.

Bí ó ti rí nínú ìtàn nìyẹn. Àlàáfíà 1886 yanjú ọ̀rọ̀ àárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ṣùgbọ́n kò yanjú ọ̀rọ̀ Ìlọrin, tí ogun rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀fà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí ó yá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé. Ní 1894, Bower, aṣojú wọn ní Ìbàdàn, mú Ògèdèǹgbé, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Ìwó. Ní ọdún yẹn kan náà ni a fa ààlà láàárín ilẹ̀ Ìbàdàn àti ilẹ̀ Ìlọrin. Ní 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí 1900 dé, Ìlá bọ́ sí ìhà gúúsù, Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ bọ́ sí Àríwá Nàìjíríà lábẹ́ Ìlọrin. Títí di òní, Ìlá wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òmù-Àrán wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn ará Ọ̀tùn ní Èkìtì náà bá ara wọn lábẹ́ Ìlọrin, ṣùgbọ́n ní 1936 a dá wọn padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Èkìtì yòókù. Èyí fi hàn pé ààlà kì í ṣe òkúta Ẹ̀sìẹ́. Ènìyàn ló fà á, ènìyàn sì lè tún un fà.

N kò sọ èyí láti dá àwọn baba wa lẹ́bi. Àwọn tó wà lójú ogun ní 1878 kò lè rí 1900. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ṣe eré yìí yóò mọ ìbéèrè tó yẹ kí a bi ní ọjọ́ tí a bá ń wọ ìparapọ̀, kì í ṣe ní ọjọ́ tí ó bá ń tú: lẹ́yìn tí ọ̀tá bá lọ tán, kí ni yóò dáàbò bo ẹni tó kéré jù láàárín wa lọ́wọ́ ẹni tó tóbi jù láàárín wa?

Ìbéèrè tó ṣì wà nílẹ̀

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1975, orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ECOWAS ní Èkó. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣe eré Èkìtìparapọ̀ tán mú àwòrán ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kí ó kọ ìwé àṣírí fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan: kí ni ó ń fẹ́, kí ni ó ń bẹ̀rù, ta ni ó rò pé ó ń pàṣẹ fún òun? Yóò yà á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jọra.

Nígbà tí eré bá parí, kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí agogo lé wọn jáde láìjíròrò. Kí ó bi ẹgbẹ́ Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ bóyá wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wọn jáde. Kí ó bi àwọn yòókù bóyá wọ́n gbọ́. Mo gbà pé ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí ju ìbéèrè ìdánwò mẹ́wàá lọ.

Ìrẹ́pọ̀dùn ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ wà nínú rẹ̀. Orúkọ náà dára, òótọ́ sì ni pé ìrẹ́pọ̀ dùn. Ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kì í dé láìsí àdéhùn, àdéhùn kì í sì í dúró bí ẹni tó kéré jù kò bá lè sọ̀rọ̀ kí a gbọ́. Ogún ọmọdé lè má ṣeré fún ogún ọdún lóòótọ́. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ jókòó sọ òfin eré, bí ó bá tilẹ̀ wá di ọjọ́ tí wọn yóò pínyà, kálukú á mọ ohun tí í ṣe tirẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò sunkún délé.